Òkun Kan, Ẹ̀dà Mẹ́rin

Bí ẹ bá dé Addo, nítòsí Ajah ní Èkó, tí ẹ bèèrè Dúrójayé, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé, "Èwo? Dúró aránṣọ, àbí Dúró elétí?" Ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú, ẹnì kan náà ni. Sùtánà ló ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, òun náà sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ fi kàn. Wọ́n ní eèrà kan húkọ́ nínú páálí ṣúgà ní ilé kejì, Dúró sì dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pé, "Pẹ̀lẹ́ o." Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í wá a kiri ilẹ̀, á tún ju òmíràn sílẹ̀, á fi ìró èyí wé ìró tọ̀hún, á sì nawọ́ tààrà mú méjèèjì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ ra abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Ẹlòmíràn a máa wo fíìmù. Dúró a máa gbọ́ ọ. Bí fíìmù kan bá jáde ní ẹ̀dà mẹ́ta, yóò wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, yóò jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa dájọ́ bí adájọ́ kóòtù. "Nínú sídì àtijọ́, òjò inú fíìmù yìí ń rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń yan ẹ̀pà. Nínú dífídì, òjò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò orí páànù ni, bẹ́ẹ̀ abẹ́ igi ni wọ́n dúró sí." Téèpù ìwọ̀n á wà léjìká oníbàárà, ọ̀rọ̀ òjò á wà lẹ́nu Dúró. Bí mọ́tò inú fíìmù bá gba ọwọ́ ọ̀tún kọjá sí ọwọ́ òsì nígbà tí Dúró bá ń gé aṣọ lọ́wọ́, àlùmọ́gàjí rẹ̀ náà á tẹ̀lé mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi wà nínú ìjọ náà títí dòní tí apá kan sùtánà wọn gùn ju èkejì lọ. Wọ́n ti kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, wọn kò bèèrè mọ́.

Nínú pálọ̀ rẹ̀, Dúró ní hóòmù-tíátà tirẹ̀: sípíkà márùn-ún àti wúfà. Orí pẹpẹ dífáídà ló tò wọ́n sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, ní ìlà gbọọrọ bí ọmọ kúáyà tó ń dúró de pásítọ̀. Ó fi aṣọ tí wọ́n fi kóróṣè hun bo orí wọn, ó gbé òdòdó oníke lé wúfà. Kì í ṣe òun nìkan. Ilé tí ẹ bá wọ̀ ní gbogbo Ajah, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tò ó. Bí èèyàn bá gbé sípíkà pa mọ́ sí kọ̀rọ̀, báwo ni àlejò yóò ṣe mọ̀ pé ó ní márùn-ún?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò inú fíìmù ló ń gba oorun lójú Dúró. Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ìyá Àdúrà, ti re ọ̀run. Fóònù tí ohùn wọn wà nínú rẹ̀, ọmọ ìta kan ti já a gbà lọ́wọ́ Dúró ní ìkòríta Ajah. Láti ìgbà náà ni ohùn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní etí tó ń gbọ́ ikọ́ eèrà. Ó kọ́kọ́ dà bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ó tún dà bí ohùn ẹni tó wà ní òdìkejì ọ̀sà. Nígbà tó yá, Dúró nawọ́ sí i, kò bá a mọ́. Bó bá lá àlá, Ìyá Àdúrà á wọlé, sùtánà wọn á máa tàn yòò, wọ́n á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, òkun á tẹ̀lé wọn wọlé jẹ́jẹ́ bí ọmọlẹ́yìn, á máa gbé àjákù aṣọ kiri ilẹ̀ bí ẹja funfun. Dúró á gbẹ́sẹ̀ sókè kí omi rí ọ̀nà. Ìyá á yíjú sí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á la ẹnu. Ohùn tó sì máa jáde, ti obìnrin orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni: "Nọ́ńbà tí ẹ pè kò sí lórí ìlà lọ́wọ́lọ́wọ́."

Dúró á ta jí, á sì lè búra pé iyọ̀ òkun ló wà lórí ìrọ̀rí.

Nígbà tó rọ́ àlá yìí fún Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀, Bọ́sẹ̀ ronú títí. "Bàbá Ànú," ó ní, "ṣé ẹ ti ra káàdì?"

Ìrètí kan ló kù. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí Ìyá Àdúrà ṣì wà láyé, àwọn onífíìmù kó kámẹ́rà wọn wá sí etí òkun Lẹ́kkí lọ́jọ́ tí ìyá ń gbàdúrà níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ méjì ló fẹ́ dágbére fún ara wọn nínú fíìmù náà, tí wọ́n pè ní "Òkun Ò Jẹ́rìí". Bí àwọn méjèèjì ṣe ń sunkún níwájú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa rí ohun funfun kan tó kéré bí ẹyọ ìrẹsì lókèèrè, tó gbé agogo lọ́wọ́. Ìyá Àdúrà nìyẹn. Dúró mọ̀ wọ́n nípa bí wọ́n ṣe fi gbogbo ara ti ẹsẹ̀ òsì bí ẹni tó ń dúró de ògì kó hó. Ìyá fúnra wọn sì máa ń sọ ọ́ nígbà ayé wọn: "Wọ́n gba ohùn mi sínú fíìmù yẹn o. Mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀ dáadáa." Dúró á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," á sì máa gé aṣọ rẹ̀ lọ. Kò bi wọ́n rí pé kí ni wọ́n sọ. Ta ní í bi òkun pé kí ló ń wí nígbà tó bá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́?

Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ẹ̀dà fíìmù náà bí ẹni tó ń wá ọmọ tó sọnù. Ó dá a lójú pé àdúrà ni ìyá ń gbà níbẹ̀, àti pé orúkọ òun kò ní ṣàì sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́, sídì alápá-méjì ni, ọ̀dọ̀ Mikail ló ti rà á. Mikail ń ta àwo fíìmù ní ọjà Ajah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Gbogbo ayé ti lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Mikail kò lọ. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí òun lọ, kó wá bá òun gbé tábìlì òun.

Bí Mikail ṣe rí Dúró tó ń bọ̀, ó ti bú sẹ́rìn-ín. "Wòlíì elétí! Kí lo tún ń wá? O ti gba apá kìíní, o ti gba apá kejì. Apá kẹta ò sí o, àfi tí o bá fẹ́ kí n lọ bí i fún ẹ."

"Alfa, òkun tó wà nínú àwo tí o tà fún mi, epo ni wọ́n fi ń dín in. Ó ń ta ṣáá! Tí mo bá yí i sókè, ìyàwó mi á ní dòdò ti ń jóná."

"Ta ló ní kí o máa gbọ́ òkun? Ọmọge ń fi gbogbo omi ara rẹ̀ sunkún níwájú ẹ, òkun lò ń gbọ́! Ìwọ yìí, bí wọ́n bá gbé ẹ dé al-jánnà, ìró géètì lo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

"Ìyá mi wà níbẹ̀, Mikail. Mò ń wá ohùn wọn."

Mikail mọ Ìyá Àdúrà. Kò sí ààwẹ̀ Ràmàdánì kan tí ìyá kì í gbé ọsàn wá fún un láti fi ṣínu, tí wọ́n á sì ní kó gbàdúrà fún àwọn, nítorí Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta. Nígbà tó jáde, eruku ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di ti arúgbó, àwo dífídì kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fáìfù-pọ́ìǹtì-wáànù nìyí. Wọ́n pín ohùn inú rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún. Pọ́ìǹtì-wáànù yẹn, wúfà ni. Jàrà ni."

Dúró fò dé ilé. Ó tan tẹlifíṣàn, ó jókòó bí ọba, sípíkà márààrún sì kọjú sí i lórí dífáídà. Òkun inú dífídì, òkun ni lóòótọ́, kò ta bí epo. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ń sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin ń sunkún, dùùrù ń ké, òkun ń hó, gbogbo wọn láti ojú kan náà, bí ìpàdé onílé àti ayálégbé. Dúró fi etí sí i títí etí rẹ̀ fi gbóná. Ó gbọ́ nígbà tí ẹni tó mú kámẹ́rà gbé itọ́ mì. Kò gbọ́ ìyá rẹ̀. Ó dájọ́ pé ìyá kò sí nínú dífídì, ó sì ti àwo náà bọ abẹ́ àga.

Ó bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ra détà, ó ki íápíìsì bọ etí. Ti ibẹ̀ ni kí ẹ má bi mí. Òkun ń dún bí ẹni ń da gàrí láti inú àpò kan sí òmíràn. Ibi tí olólùfẹ́ náà ti la ẹnu pé, "Àdùkẹ́, bí mo bá lọ," òrùka róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù. Ó yí, ó yí. Détà tán. Bí Òkun Àtìláńtíìkì ti tóbi tó, tí ọkọ̀ ojú omi kò rí òpin rẹ̀, ó gbẹ lójú Dúró nítorí gíìgì kan.

Ó wá ku ẹ̀dà kan, èyí tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ló gbé fíìmù náà jáde lákọ̀tun nínú páálí aláwọ̀ wúrà, wọ́n ní àwọn ti fọ àwòrán rẹ̀, àwọn ti fọ ohùn rẹ̀, kò sí ìdọ̀tí kankan mọ́. Àwo bulúù-réè ni, ẹ̀rọ Dúró kò sì lè jẹ ẹ́. Ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí Dúró mọ̀ ni Àǹtí Olúwafúnminíyì, ọmọ ìjọ wọn tó ń gbé ní Lẹ́kkí Phase 1. Nígbà tí sùtánà àǹtí náà parí, Dúró kò fi rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ gbé e lọ.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì àkọ́kọ́ bi í lórúkọ. Ẹ̀ṣọ́ géètì kejì bi í lórúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ilé gan-an ń wò ó bí ẹni fẹ́ bi í léèrè oríkì. Ṣùgbọ́n ó wọlé, àǹtí sì mú un lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń wo fíìmù. Sípíkà wà nínú ògiri, sípíkà wà ní àjà, Dúró sì fura pé ọ̀kan wà nínú àga tó jókòó lé. Òtútù ẹ́síì ibẹ̀, ẹja tútù á ní kí wọ́n fún òun ní búláńkẹ́ẹ̀tì.

"Bùrọ́dà Dúró, ẹ rọra jókòó," Àǹtí Olúwafúnminíyì ní. "Èyí tí ẹ ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, ariwo ni. Wọ́n ti yọ gbogbo pàǹtí kúrò nínú èyí. Gíláàsì ni báyìí."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ bá mi gbé e dé ibi etí òkun."

Iná yàrá kú díẹ̀díẹ̀, òkun sì dé. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́, ó dára. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, ó yí ẹ̀yìn ká, ó gorí àjà, ó tú sílẹ̀ lé Dúró lórí bí aṣọ àlà. Àga rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ń léfòó, òun àti sùtánà Àǹtí Olúwafúnminíyì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́ láàárín ìgbì kan àti òmíràn, ayé tutù, ayé dúdú, kò sí géètì kankan lójú ọ̀nà. Ó di ojú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Màmá, mo ti dé o."

Ẹyẹ kan ké lókè orí rẹ̀.

Dúró la ojú kan. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí nìyẹn?"

"Ẹyẹ òkun ni."

"Ẹyẹ òkun wo? Etí òkun Lẹ́kkí níbí? Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, Àǹtí. Kò sí ẹyẹ tó ń ké bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Eléyìí ń ké bí ẹni tó ní físà."

Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó máa gbọ́ ọ lọ. Dúró wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọ ohùn fíìmù náà tán, òkun Lẹ́kkí ti bá ìdọ̀tí lọ. Wọ́n ra òkun ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, òun tẹyẹtẹyẹ. Ó wo ojú àwòrán. Ẹyọ ìrẹsì funfun wà lókèèrè níbẹ̀, ó tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, apá rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀, agogo ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dún. Ìyá Àdúrà ń lu agogo, kò dún. Ìyá Àdúrà ń la ẹnu, ẹyẹ àjèjì ló ń dáhùn. Wọ́n ti fọ ìyá mọ́ pàǹtí.

Omi bọ́ lójú Dúró, kò lè dá a dúró. Àǹtí Olúwafúnminíyì na ìnujú sí i, inú wọn dùn gidigidi. "Àbí ẹ rí nǹkan? Èmi náà sunkún nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Sàráńdì gidi nìyẹn, ohùn tó ń yí èèyàn ká!"

Kẹ̀kẹ́ tó gbé e láti Ajah wọ Addo lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Dúró kò gbọ́ ìró rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i tí etí rẹ̀ simi. Ó ń rò ó pé bí ìyá kò bá sí nínú ẹ̀dà kankan, a jẹ́ pé obìnrin orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni yóò máa fi ohùn wọn sọ̀rọ̀ títí ayé.

Ó wọ pálọ̀, ó sì dúró gbagidi.

"Bọ́sẹ̀! Sípíkà mi dà? Mẹ́ta ni mò ń rí!"

Bọ́sẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná. "Wọ́n wà lẹ́yìn àga gbọọrọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn àwo oúnjẹ tí mo rà sílẹ̀ de ìrántí Màmá ń wá ibi tí wọ́n á jókòó."

"Ẹ̀yìn àga? Bí àlejò bá dé, ta ni yóò rí wọn níbẹ̀?"

"Bàbá Ànú, ṣé ẹ fẹ́ máa gbọ́ wọn ni, àbí ẹ fẹ́ máa wò wọ́n?"

Dúró fa aṣọ funfun kan jáde, ó fẹ́ ká etí rẹ̀. Ilé náà sì pa rọ́rọ́ jù. Ó na ẹsẹ̀ sí abẹ́ àga, ẹsẹ̀ kan dífídì Mikail. Ó rò pé kó kúkú máa lọ lábẹ́lẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ náà á bá òun ká aṣọ. Ó fi sínú ẹ̀rọ, ó yíjú sí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò retí nǹkan kan.

Òkun dìde lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe níwájú. Ẹ̀yìn gan-an, níbi ọrùn, níbi tí ọmọ ti máa ń gbọ́ èémí ìyá tó pọ̀n ọ́n. Ìgbì kan wá, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó padà. Kọ́tìnnì mì. Àga gbọọrọ fi ilẹ̀ sílẹ̀, gbogbo Addo sì tẹ̀lé e: ṣọ́ọ̀bù onírun, ilé ìpọnmi, òpó iná tó tẹ̀, wọ́n ń rọra lọ lójú omi bí ọkọ̀ òbèlè. Àwọn olólùfẹ́ wà níwájú pẹ̀lú ẹkún wọn, dùùrù wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Wọ́n jìnnà sí ibi tí Dúró wà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, nínú sípíkà méjì tó wà lẹ́yìn àga, òkun Lẹ́kkí nìkan ni, láìsí ẹyẹ. Agogo kan sì dún lápá òsì.

Ohùn tẹ̀lé agogo.

"Ẹ̀yin oníkámẹ́rà! Ilẹ̀ àdúrà lẹ dúró sí yẹn o! Ilẹ̀ mímọ́ ni! Ẹ bọ́ bàtà! Ìwọ ọ̀gbẹ́ni onítáì, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí! Bọ́ bàtà yẹn! Ṣé mo tún máa wí i lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Dúró, kò gbọ́ ibi tó bọ́ sí. Ohùn náà ni. Ó gbóná díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó há díẹ̀ láàárín, ó sì máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó ń fa òwú wò bóyá yóò já. Kò sí orúkọ Dúró nínú rẹ̀. Kò sí àdúrà nínú rẹ̀. Ìjà ni, ìjà tí gbogbo aláṣọ funfun ń bá ẹni tó bá fi bàtà tẹ ilẹ̀ àdúrà jà, irú èyí tí Ìyá Àdúrà fi tọ́ ọ dàgbà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Lójú tẹlifíṣàn, ọ̀gbẹ́ni olólùfẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró, ó tẹ orí ba, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin Ajah ti ń sunkún láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ń ní, "Ẹ wo bí ìfẹ́ ṣe wọ ọkùnrin lára!" Ìfẹ́ kọ́. Bàtà ni.

Dúró rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún láìdúró. Ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Ó tún dá a padà. Ṣùgbọ́n dùùrù yẹn kò jẹ́ kí inú rẹ̀ lélẹ̀. Ṣe ló ń rìn wọ inú ọ̀rọ̀ ìyá. Ó dìde, ó lọ sídìí dífáídà, ó yọ wáyà àkọ́kọ́. Dùùrù kú. Ó yọ wáyà kejì. Ó yọ ẹ̀kẹta tó wà láàárín: ọkùnrin olólùfẹ́ la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde, Àdùkẹ́ ń sunkún bí ẹja nínú gíláàsì. Gbogbo ìfẹ́ ayé yadi nínú pálọ̀ náà. Ẹ̀yìn nìkan ló kù, òkun àti ìyá.

Bọ́sẹ̀ yọ láti ilé ìdáná, ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, sílípáàsì ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo tẹlifíṣàn tí kò sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ànú, ta ló ń jágbe mọ́ yín báyìí?"

"Màmá ni."

Bọ́sẹ̀ fẹ́ fèsì. Ìgbì kan wá láti ẹ̀yìn àga, agogo dún, ohùn náà sì tún dìde gbọnrangandan pé, "Bọ́ bàtà yẹn! Ṣé mo tún máa wí i lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Bọ́sẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó rọra yọ sílípáàsì kan, ó yọ èkejì, ó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní.